Ọmọrí Ìkòkò Ìyá Rẹ àti Ohun Tó Ní Kí N Sọ fún Ọ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àga tí o jókòó lé ní ọ́fíìsì, mo sì kí ẹni tó bá ń yọjú ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn rẹ, kó yáa lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tí bàtà gíga ń dá lóró ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ibi tí o bá kọjú sí, ọ̀nà á là. Ẹni tó bá ní kí o má jẹun, òun ni ebi máa pa. Iṣẹ́ rẹ ò ní bọ́, eyín rẹ ò ní bọ́, irun orí rẹ náà ò ní bọ́, nítorí mo rí i nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn pé iwájú orí rẹ ti fẹ́ máa dán bíi tèmi. Àmín.

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ ọ́ fúnra mi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Bíírò onígbàjámọ̀ ni mo yá, ó sì ní kí n dá a padà kó tó di ọ̀sán, torí náà tí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi ń sáré, bíírò ló ń sá lọ sílé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí o má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: ìyá rẹ ò sí nílé. Ara rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é. Ó kó aṣọ sínú báàgì, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, ọjọ́ kọkànlá rèé. Ó ní òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yìí mọ́ àfi tí mo bá jókòó, tí mo kọ lẹ́tà sí ọ, tí mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Lọ́wọ́ rẹ o, kì í ṣe lọ́wọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ka lẹ́tà náà kó tó kúrò nílùú, tí kò bá rí ohun tó yẹ kó rí níbẹ̀, ó ní kí èmi àti àwọn adìyẹ máa jọ gbé ilé lọ. Mo máa tọrọ àforíjì náà. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ìbẹ̀rẹ̀, a kì í ti orí wọ ṣòkòtò.

Ọmọ rẹ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, tí mo sọ ní Alákọ̀wé nítorí pé kò sí gbólóhùn tí mo sọ tí kì í bá mi tún ṣe, wà ní àlàáfíà. Ó ń jẹun ju bí o ṣe sọ lọ. O ní kò fẹ́ràn ẹ̀wà. Ẹ̀wà ló ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀wà ló ń jẹ lálẹ́, nítorí òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sì tíì bá mi jà. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó wà nínú páálí ìṣáná lórí fèrèsé. Adìyẹ funfun ti pa ọmọ méje. Òrùlé ibi ìdáná ń jò, mo ti gbé táyà lé e, ó ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ó ti ń jò sí ibòmíì.

Fọ́ọ̀mù tí o fi sínú báàgì ọmọ yìí ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Iléèwé rẹ̀ ní kí òun àti àgbàlagbà kan nínú ilé jọ fi ohun tó wà nílé ṣe ohun èlò orin, kí wọ́n má ra nǹkan kan, kí àgbàlagbà náà kọ gbogbo ohun tí wọ́n lò sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n wá fi fídíò ibi tí ọmọ ti ń lù ú ránṣẹ́ sí tíṣà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní àwọn iléèwé ìgboro yìí mà gbọ́n o, ìwọ ń san owó, èmi ń ṣe iṣẹ́, àwọn ń gba ìsinmi.

Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí kọ ọ́. Wọ́n ya àpótí kéékèèké mẹ́ta, wọ́n ní kí n máàkì ọ̀kan: bàbá, ìyá, alágbàtọ́. Kò sí ti bàbá àgbà níbẹ̀. Mo fi rúlà ya tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, mo sì yà á tóbi ju tiwọn lọ nítorí èmi ni mo dàgbà jù. Wọ́n tún fi ibì kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ní iléèwé nìkan ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ló mọ́ jù nínú ìwé náà. Mi ò lè kọjá láì kí wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi lẹ táyà, ìgbà tí ẹ̀yìn kọ̀ ni mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mi ò da tíúbù kankan nù. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wà lókè àjà, ìyá rẹ sì ti kìlọ̀ pé tí òun bá kú, kí n má fi wọ́n sin òun. Mo fa tíúbù kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọdé kan jáde, mo gé e ní róbótó, mo nà án bo ẹnu agolo wàrà. Nínà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Tí o bá kọ́kọ́ fa ẹ̀gbẹ́ kan tán kí o tó kan èkejì, ó máa wọ́, kò ní dún. O ní láti fà á díẹ̀ níhìn-ín, kí o sáré lọ sí òdìkejì, kí o fa ìyẹn náà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dí nọ́ọ̀tì táyà, ẹ̀yìn ìyẹn ni wàá fi wáyà dè é, tí wàá fi ẹ̀mú lọ́ ọ títí wáyà á fi sọ pé ó tó. Tíúbù kẹ̀kẹ́ máa ń dún bí ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀. Ti ọkọ̀ akẹ́rù máa ń dún bí ìgbà tí àgbàlagbà bá húkọ́ láti fi sọ pé òun ti dé. A ṣe mẹ́rin. Alákọ̀wé fi ìka kan gbogbo wọn, ó ní ìkẹta rọ̀ lápá òsì. Mo ní irọ́ ni. Mo tú u wò. Ó rọ̀ lápá òsì lóòótọ́.

Ọmọ mi, ilé dùn! Mo fi ìṣó lu ihò sí àárín ìdérí ìgò bí ogún, mo to wọ́n sínú wáyà, mo tẹ wáyà náà bí ìwọ̀, tí o bá mì ín, á máa dún ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ṣẹ̀. A na rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó yí páálí bàtà ká, mẹ́fà, láti orí tinrin dé orí nínípọn, Alákọ̀wé ń fi èékánná fà wọ́n. A to ìgò méje sórí pákó, a bu omi sí wọn, èyí tí omi rẹ̀ kéré ní ohùn ńlá, èyí tí omi rẹ̀ kún ní ohùn bíńtín, bó ṣe wà láàárín àwa èèyàn náà nìyẹn. Mo fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òòyà, mo fẹnu fun ún, ó yún mi létè débi pé mi ò lè mu omi tán láì rẹ́rìn-ín. Mo wá ki àrọ epo sí ojú rọ́bà tí a fi ń fa omi, mo yí i mọ́ ara bí ejò, mo gbá a mọ́ra, mo fun ún. Mo gbàgbé pé kẹrosíìnì ò tíì tán lára àrọ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ni onígbàjámọ̀ ò fi gbà kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ṣáná sí mi.

Ṣùgbọ́n ìró tó jáde níbẹ̀, háà! Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa, tó máa ń ṣiṣẹ́ òru tó sì máa ń sùn lọ́sàn-án, sáré jáde tòun ti ìró tó ró mọ́ àyà, ó ní ta ló ń rọbí. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó ní ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún òun pé kì í ṣe ìrọbí, nítorí ìrọbí máa ń parí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá rẹ ò sí nílé, ó ti lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tọ́jú ìkókó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta ni Alákọ̀wé fọwọ́ lẹ́rán, ó ní nǹkan kan ṣì kù, ó ní orin náà ò ní ohun tó máa ń là á lójú lójijì. Mo gbá àwo pọ̀, àwo fọ́. Mo gbá asẹ́ pọ̀ mọ́ ìgbálẹ̀ irin, asẹ́ lu. Mo wá rántí ìkòkò tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà fún ìyá rẹ, àwọn tó ń dán yẹn, tó kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún náà tí kò se omi gbígbóná nínú wọn rí, àlejò ló ń fi hàn. Mo ro ó pé ìkòkò tí kò jókòó lórí iná, kí ló fẹ́ fi ọmọrí ṣe? Mo mú méjì. Mo lu ihò sí àárín wọn, mo ki okùn bọ ihò náà láti fi dì wọ́n mú, mo gbá wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn adìyẹ sá lọ sórí ògiri. Alákọ̀wé ní ohun tí òun ń wí gan-an nìyẹn.

Nítorí pé wọ́n ní kí n kọ ohun tí a lò sílẹ̀, mi ò fi ọ̀kankan pamọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé agolo wàrà mẹ́rin, ìgò méje, àrọ kan, asẹ́ kan tó ti kú báyìí, ọmọrí ìkòkò ìyàwó mi méjì, òun fúnra rẹ̀ ò sí nílé nígbà náà.

Ọjọ́ kẹrin pé, ìyá rẹ dé. Ó bá ọmọ mọ́kànlá ní ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ọmọ àdúgbò ni, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó kó wá láti ilé tiwọn, àwọn ìyá wọn sì ti ń wá ṣíbí kiri láti àárọ̀. Ó bá èmi ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ, rọ́bà omi yí mi lọ́rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, mo ń fun àrọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín débi pé afẹ́fẹ́ ń gba imú jáde. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó wo ọmọrí ìkòkò. Ó wo agolo tó wà láàárín orúnkún Alákọ̀wé. Ó wá wò mí, ó pẹ́ gan-an tó fi wò mí. Kò pariwo. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìyá rẹ tó bá ń pariwo ń dúnàá-dúrà ni, ìyá rẹ tó bá dákẹ́ ti ṣe ìpinnu.

Ó wọlé, ó jáde padà pẹ̀lú báàgì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dìde, mo ní kó má bínú, mo máa wá ọmọrí mìíràn. Ó ní kì í ṣe ọmọrí. Mo ní kó má bínú sí ti asẹ́. Ó ní kì í ṣe asẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti bà jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ka mẹ́ta tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kì í ṣe ìyẹn náà, ṣùgbọ́n òun máa fi sọ́kàn. Ó fọwọ́ pa Alákọ̀wé lórí, ó ní kó máa lù ú lọ, ó dún dáadáa. Ó sì lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àrọ lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìyẹn ni mo sọ fún gbogbo ẹni tó béèrè.

Mo ní kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tíṣà ná. Onígbàjámọ̀ ló bá wa di fóònù mú. Mo wọ ẹ̀wù tó mọ́, mo jókòó ti ọmọ, mo kí tíṣà nínú fóònù náà, mo béèrè àlàáfíà ọkọ àti ọmọ rẹ̀, mo sì dúró kó dáhùn. Kò dáhùn. Mo tún un kí, mo rò pé etí rẹ̀ ló wúwo. Onígbàjámọ̀ ní tíṣà ò tíì sí níbẹ̀, fídíò náà ṣì máa lọ bá a. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó béèrè ọkọ obìnrin lọ́wọ́ pátákó. Alákọ̀wé lu agolo mẹ́rin náà, àwọn ọmọ tó kù bá a gbè é, mo fun àrọ lẹ́ẹ̀mejì péré nítorí nọ́ọ̀sì. Onígbàjámọ̀ tẹ nǹkan kan, ó ní ó ti lọ. Mo béèrè ibi tó gbà lọ. Ó ní ó gba inú ìkùukùu kọjá. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ti ṣú, mo bẹ Ọlọ́run pé kí òjò má tíì rọ̀, kí iṣẹ́ ọmọ má lọ tutù.

Kò pẹ́ rárá tí tíṣà fi máàkì í. Ó máàkì í ní ẹ̀ẹ̀kan, kí n tó ṣẹ́jú ó ti di méjì, bí ẹni ń sọ pé ó gbà á, ó tún gbà á. Nígbà tó yá, máàkì méjèèjì di àwọ̀ aró. Mo pariwo. Mo ní bíírò aláwọ̀ aró nìyẹn, ó ti tún un máàkì dáadáa, ó ti wọ inú ìwé! Mo ra bísíkíìtì fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Onígbàjámọ̀ fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ti ki bísíkíìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó bà mí nínú jẹ́ wáyé. Tíṣà fèsì, àtàǹpàkò ló tẹ̀. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo, ó nàró. Mo wò ó títí. Mo ní ẹ gbà mí, ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀, tó ń tẹ̀ka bí àwọn bàbá wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n fi ọmọ mi tì láti kọ́ níwèé! Ṣùgbọ́n mi ò bú u. Mo ní kí onígbàjámọ̀ bá mi kọ ọ́ sí i pé kó má tijú, pé ìwé kíkà ò ní ọjọ́ orí, àti pé kíláàsì àwọn àgbà wà nítòsí wa níbí lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, èmi fúnra mi máa mú un lọ forúkọ sílẹ̀. Èsì tó tún dé, ọ̀rọ̀ ló fi kọ ọ́, gígùn, kò ní àṣìṣe kankan. Mo gbà pé ó bẹ ẹnì kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ó ní òun fẹ́ kí Alákọ̀wé lu agolo yẹn níwájú gbogbo iléèwé ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé. Ó wá béèrè pé ta ló kọ́ ọmọ náà.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ti di àpọ́n. Mo gba fóònù lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo rìn lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sáàárín wa bí adájọ́, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, o mọ̀ pé kò fẹ́ràn mi láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, ó ní ọwọ́ mi dúdú. Mo ka ọ̀rọ̀ tíṣà jáde fún wọn. Mo ní wọ́n ń béèrè ẹni tó kọ́ ọmọ náà, mo sì fọwọ́ lu àyà. Ìyá rẹ ní èmi náà ńkọ́, ta ló kọ́ mi? Mo ní ẹni tó lo ogójì ọdún nídìí tíúbù, ta ni yóò tún kọ́ ọ ní tíúbù? Ó wò mí bó ṣe wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní kí n lọ sílé kí n lọ rántí. Ó ní tí mo bá rántí, kí n má wá sọ fún òun, òun wà níbẹ̀ nígbà náà, òun mọ̀ ọ́n. Kí n kọ ọ́ sí ọ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé mi ò mọ ohun tó ń wí. Irọ́ ni mo pa. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ti ń jókòó ti ìwé yìí, mo ti ń yá bíírò onígbàjámọ̀ lójoojúmọ́ débi pé tádàá rẹ̀ ti fẹ́ tán, mo sì ti rí i pé adìyẹ àti òrùlé tí mo fi ń fọ̀rọ̀ falẹ̀ ti tán báyìí. Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bú gbàmù mọ́ mi létí ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo orí mi ń hó. Mo dé ilé. O wà lẹ́yìn ibi ìdáná, o gbé agolo wàrà sáàárín orúnkún, o ti mú àlòkù tíúbù láti ṣọ́ọ̀bù mi, o ti nà án bo ẹnu rẹ̀, o ti fi wáyà dè é, wáyà sì ti ya ọ́ ní ìka. Kò wọ́ níbì kankan. Èmi tí mo ń dí nọ́ọ̀tì táyà níhìn-ín lọ́hùn-ún lójoojúmọ́, kò wá sí mi lọ́kàn láé pé a lè fi na nǹkan mìíràn. Ìwọ lo dúró wò mí, ìwọ lo gbé e lọ sórí agolo. Ọ̀nà tí mo gbà na ti Alákọ̀wé, tí mo fi ń lu àyà kiri àdúgbò, ọ̀nà tìrẹ ni.

O rí mi, o rẹ́rìn-ín, o sì tún lù ú kíkan sí i kí n lè gbọ́. Mo ní kí o dákẹ́. O rò pé mo ń bá ọ ṣeré. Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ, mo fi sílẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Mo ní kí n má gbọ́ ìró rẹ mọ́ nínú ilé yìí.

Ọmọ mi, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo ní ọmọ tó dákẹ́, mo ń dá wọn lóhùn pé ilé ló ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, gbogbo èèyàn ń jó, ìwọ jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ pàápàá ò mì, mo ní ẹ wo bó ṣe níwà tó. Ìyá rẹ ní lọ́jọ́ tí mo tẹ agolo yẹn, lẹ́yìn tí mo wọlé lọ sùn, o fi òkúta lu agolo náà kó lè padà rí bó ṣe rí, ó pẹ́ tí o fi ń lù ú, kò ṣe é ṣe, o wá gbé e lọ sí ààtàn fúnra rẹ. O ò sunkún, ohun tó sọ nìyẹn. Ìyẹn ló ń ka ìyá rẹ lára láti ọdún náà wá, ó wá dé, ó bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ṣe fún ọmọ ọmọ ohun tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún ọmọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní níbo ni mo kó ẹ̀rín yẹn pamọ́ sí nígbà náà?

Mi ò mọ̀. Etí ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n etí kọ́ ló ní gìgísẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, kò dáa, n kò sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Má bínú, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ó tán. Òógùn ti bò mí bí ẹni tó fọwọ́ tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ìwọ ìyàwó mi, tí o bá ti kà á dé ibí yìí, tún un kà, kí o wá di ẹrù rẹ, ẹ̀wà ti sú àwa méjèèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo nílò díẹ̀ fún ọmọrí méjì, asẹ́ kan, àrọ kan, àwo tó fọ́, àti bíírò onígbàjámọ̀. Tí o bá lè fi ti òrùlé mọ́ ọn, Ọlọ́run á bò ọ́. Má fi owó náà sínú fóònù bí o ṣe ṣe nígbà kan o, mo yẹ fóònù náà wò yíká, ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ibi tí wáyà iná ń gbà wọlé, owó bébà kankan ò lè gba ibẹ̀ jáde láì ya. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ni kí o fi rán.

Alákọ̀wé máa gbé nǹkan kan bọ̀ wá fún ọ. Agolo ńlá ni, tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi bò ó, mo ti fi aṣọ wé ojú wáyà kó má bàa ya ẹnikẹ́ni. Má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lù ú. Tí ẹni tó ń gbé lókè rẹ bá ní ariwo pọ̀, ní kó wá bá mi.

Ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ọmọ mi. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn á máa dáhùn. Ilé tí o bá wà, wọn á mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Bí mo ṣe gbé ohùn rẹ mì yẹn, Ọlọ́run á dá a padà fún ọ ní ìlọ́po, á sì jẹ́ kí n wà láyé kí n gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, fọkanáísà tẹ́lẹ̀, afunrọ́bà báyìí.

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ ìsàlẹ̀ yìí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ irọ́ ni, àwo mẹ́ta ló fọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni. Ó ní òógùn ló kán sórí ìwé níbi tí tádàá ti ràn kálẹ̀ yẹn, gbà á gbọ́ tó bá wù ọ́. Mo ti padà sílé láti àná. Má fi owó ránṣẹ́ sí i, èmi ni kí o fi í ránṣẹ́ sí. Agolo rẹ, èmi ni mo dì í sínú ẹrù ọmọ. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sẹ́yìn ibi ìdáná, mo lù ú wò. Ó dún.